Kókó Méjì

Alákàn ni wọ́n ń pe odò tó wà lẹ́yìn ilé wa
ní Ìmọ̀, ní Iléṣà.
Mi ò rí akàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a gbé.
Mo mọ òórùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn,
mo mọ ariwo rẹ̀ lóru òjò,
ṣùgbọ́n mi ò kí i rí.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ojú ò rí ojú mọ́,
mo máa ń di ìdọ̀tí ilé sínú náílọ́ọ̀nù dúdú,
n ó ta á ní kókó méjì, ọ̀kan lé ọ̀kan,
bí ìyá mi ti ń ta ẹnu àpò kòkó n'Íbòdì,
n ó sì sọ ọ́ síbi tí omi ti ń dún.
Pọ̀ọ̀!
Ó ti lọ. Ó ti di ti ará ìsàlẹ̀.

Ta ni ará ìsàlẹ̀? Mi ò bi ara mi.

Kì í ṣe èmi nìkan.
Bàbá Fápohùndá onílé wa ri páìpù kan mọ́ abẹ́ ògiri,
ó ní ti omi òjò ni.
Òjò wo ló ń rùn bí ṣalángá?
Ìyá Tèmídire ń da òróró àkàrà tó ti jóná sí gọ́tà.
Ọkọ mi, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tí kò lè tẹ eèrà pa,
a máa da ọ́ìlì dúdú inú jẹnẹrétọ̀
síbi tí koríko ti kú létí omi.
Ọwọ́ wa pọ̀, odò kan ni.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dá títí àkùkọ fi kọ.
Alákàn gun àtẹ̀gùn wa bí àlejò tí a kò pè,
ó wọ fàráńdà, ó kan ilẹ̀kùn mi.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì:
náílọ́ọ̀nù dúdú kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Kókó méjì. Ọ̀kan lé ọ̀kan.

Èèyàn lè sẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.
Báwo ni màá ṣe sẹ́ ìka mi?
Mofíyìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wò ó títí, ó ní,
"Màmá, ẹrù yín ti dé."

Eérú ni mo fi ń nu ìkòkò ọbẹ̀ báyìí kí n tó fọ̀ ọ́,
kí ọ̀rá má bàa bá omi lọ.
Omi ọṣẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ;
ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò kọ̀, ó ti yọ ọmọ méjì.
Ọ́ìlì dúdú ń bẹ nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ àtẹ̀gùn,
Lápàdé káfíńtà ló ń wá gbé e,
ó fi ń kun igi òrùlé nítorí ikán.
Ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí ń gba igba náírà ní Sátidé.
Mo ná an títí ẹnu fi gbẹ, Ìjẹ̀ṣà ṣáà ni mí,
mo sì san án.

Ti páìpù ló le.
Ayálégbé mẹ́rin la lọ bá Bàbá Fápohùndá.
Ó ní, "Ta ló ni ilé?"
A ní, "Ẹ̀yin ni, bàbá."
Ó ní, "Ta ló wá ni odò?"
Gbogbo wa dákẹ́.
Ìyá Tèmídire ló là á:
"Kànga yín ńkọ́, bàbá? Ibo lẹ rò pé ó ti ń mumi?"
Lọ́sẹ̀ kejì bíríkìlà dé, ó gbẹ́ kòtò, ó dí ẹnu páìpù.
Bàbá ò kí wa títí oṣù fi parí.

Mi ò ní purọ́: omi náà kò tíì mọ́.
Ará òkè ṣì ń sọ tiwọn sí i;
àṣé àwa náà ni ará ìsàlẹ̀ ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná Mofíyìn fà mí láṣọ dé etí odò,
ó nàka sí ihò kékeré kan nínú ẹrẹ̀,
ẹrẹ̀ tútù, tí nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ jáde.
A lóṣòó sẹ́nu ihò náà, a ò mira,
bí àwọn baba wa ti ń lóṣòó gba owó wọn,
àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí,
àwa la jẹ gbèsè.